Òdo Lẹ́ẹ̀mejìlá

Mo da ọ̀rá àti oògùn pọ̀ mọ́ ọtí líle nínú ìgò roboto kan, mo sì gbé e sórí ẹ̀rọ tó ń yí i lórí omi gbígbóná títí gbogbo ọtí fi fò lọ. Ohun tó kù lára ìgò ò ju awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ, bíi ti orí mílíìkì gbígbóná. Mo bu omi sí i, mo mì í. Awọ náà ya, ó ká, ó di àpò kéékèèké tí oògùn wà nínú wọn. Mo wá tì wọ́n gba inú asẹ́ kan. Bí a bá to ẹgbẹ̀rún kan nínú àwọn àpò tó jáde níbẹ̀ sí ìlà, ìlà náà ò ní í ju ìbú fọ́nrán irun kan lọ.

Ẹni tó ń tún aago ọwọ́ ṣe ni bàbá mi, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń yẹ inú nǹkan wò. Mo ṣàlàyé fún un pé awọ ara dà bí páànù tí wọ́n tò lé ara wọn, tí ọ̀rá dí àárín rẹ̀. Omi ò lè gbabẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rá á fún ara rẹ̀ kọjá, á gbé oògùn dé oríkèé láì kan ikùn.

"Ó ti yé mi," ó ní. "Olè tó wọ aṣọ onílé."

Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí làkúrègbé ti ń bá ìka rẹ̀ jà. Oògùn oníhóró tó ń lò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni kò jẹ́ kí ìka náà wọ́, ṣùgbọ́n bó bá ti gbé e mì, ọjọ́ méjì ló fi ń bì. Nígbà tí ilé ìwòsàn fẹ́ dán ìpara tí a fi àwọn àpò náà ṣe níbi iṣẹ́ wa wò lára ọgọ́ta aláìsàn, ó lọ forúkọ sílẹ̀ láì sọ fún mi. Ìdajì wọn máa gba ìpara tó ní oògùn, ìdajì á gba èyí tí àpò rẹ̀ ṣófo. Nọ́ńbà nìkan ló wà lára ìgò. Kò sẹ́ni tó mọ èyí tó gbà, títí kan dókítà. Wọ́n ní kí àwọn aláìsàn náà fi oògùn oníhóró sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjìlá, ṣùgbọ́n ẹni tí ìrora rẹ̀ bá ju márùn-ún nínú mẹ́wàá lọ, kó sọ, wọ́n á dá oògùn rẹ̀ padà lọ́jọ́ náà.

Wọ́n ní ohun tó bá ń dunni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ti bàbá mi ò rí bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń béèrè ìrora wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ròyìn ọ̀rọ̀ wọn fún mi lẹ́yìn náà.

"Bàbá, mélòó lónìí?"

"Òdo."

"Òdo kẹ̀? Ẹ wo bí ẹ ṣe di báírò mú."

"Òdo ni mo wí, ọmọ mi. Àbí ìwọ lo ni ọwọ́?"

Nílé, ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó ní oníbàárà ò wá mọ́. Mo rí i pé ọwọ́ rẹ̀ wú. Ó ní òtútù ni. Mo gbà á gbọ́. Ìpara mi ni; mo fẹ́ gbà á gbọ́.

Lọ́sẹ̀ kẹtàlá, wọ́n ṣí ìwé nọ́ńbà. Ìrora àwọn tó gba oògùn ti dín sí ìdajì. Ti àwọn tó gba òfìfo fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà. Ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn ló sọ òdo lẹ́ẹ̀mejìlá.

Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín. "Ta lèyí? Ìgbàgbọ́ rẹ̀ mà lágbára o!"

Mo mọ nọ́ńbà náà. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí ìgò rẹ̀ nínú yàrá bàbá mi.

"Bàbá, kí ló dé tẹ́ ẹ fi purọ́?"

"Tí kò bá ṣiṣẹ́ lára wa, wọ́n á da iṣẹ́ ẹ nù. Ṣé kí n wá jẹ́ ẹni tó máa ba iṣẹ́ ọmọ mi jẹ́?"

"Òfìfo ni wọ́n fún yín. Gbogbo òdo yẹn, òfìfo lẹ fi wọ́n gbè lẹ́yìn, kì í ṣe ìpara mi."

"Èmi gan-an ni mo wá ṣe ọ́ ní jàǹbá?"

"Rárá, Bàbá. Ìpara náà yege bẹ́ẹ̀ náà."

Ilé ìwòsàn gbà kí gbogbo ọgọ́ta náà máa lo ìpara tòótọ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń pa á fún un, láàárọ̀ àti lálẹ́. Lóṣù kejì, ìwú ìka rẹ̀ wálẹ̀, ìrora lọ. Ṣùgbọ́n oríkèé mẹ́rin ti gan pa láàárín ọ̀sẹ̀ méjìlá tí kò lo oògùn oníhóró, dókítà sì ní kò sí ìpara tó ń tú eegun tó ti so pọ̀. Bàbá mi ń sùn di òwúrọ̀ báyìí. Tó bá jí, èmi ni mò ń bá a de bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀.