Ọ̀pá Inú Kọ́bọ́ọ̀dù

Ọdún mẹ́ta léraléra ni ọ̀pá ti ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ tí tíṣà eré ìdárayá kan ń kọ́, níbi eré ìje ẹlẹ́ni-mẹ́rin tí wọ́n ti ń sáré gbé ọ̀pá fún ara wọn. Ẹsẹ̀ wọn yá. Ọwọ́ ló ń dójú tì wọ́n. Ọ̀gá ilé-ìwé, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ti ní bó bá tún bọ́ lọ́dún yìí, òun á tú ẹgbẹ́ náà ká, pápá á sì di ibi ìgbọ́kọ̀sí.

Tíṣà kò jiyàn. Ó wọ bọ́ọ̀sì àárọ̀ lọ sí ilé-ìwé tó ti gba ife lọ́dún mẹ́sàn-án léraléra. Ó rò pé òun á bá bàtà olówó ńlá níbẹ̀. Pápá tó bá rí gbágungbàgun; bàtà àwọn ọmọ mìíràn ti yanu bí ẹni tó ń yán.

"Ẹ káàárọ̀, sà," ni bàbá tó ń ṣọ́ géètì wí. Kí àlejò tó dáhùn, ọmọbìnrin kan ń sáré kọjá, ó na ọwọ́ sẹ́yìn láìwẹ̀yìn. Bàbá yọ ọ̀pá lábẹ́ abíyá, ó fi lé e lọ́wọ́ wẹ́rẹ́, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ: "Ta lẹ wá rí?"

Ẹnu ya tíṣà. "Bàbá, ẹ̀yin náà ń sáré ni?"

"Orúnkún wo ni n ó fi sáré? Ọ̀pá ni mò ń bá wọn gbé."

Tíṣà tẹ̀lé ọ̀pá náà. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, akọ̀wé fi ọwọ́ kan gbà á, ó ń fi èkejì tẹ̀wé. Ní kíláàsì ìṣirò, ó lọ láti àga dé àga. Olùkọ́ kò dákẹ́, ọmọ kankan kò yíjú. Nílé ìdáná, ìyá olóúnjẹ nu ọwọ́ mọ́ aṣọ, ó gbà á, ó gbé e fún ọmọ tó ń kó àwo. Kò sẹ́ni tó wò ó. Bí ìgbà téèyàn ń mí ni.

Kóòṣì ibẹ̀ jẹ́ obìnrin kúkúrú kan tí wọ́n ń pè ní Máfojúgbà. "Láti aago mẹ́jọ sí aago méjì, ọ̀pá wa kò gbọdọ̀ kanlẹ̀," ló wí. "Bó bá kanlẹ̀, gbogbo wa la jẹ̀bi, àtèmi àti bàbá géètì. Níbo ni tiyín ń gbé?"

Kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù wà lápò tíṣà. Ọ̀pá kan ṣoṣo ni wọ́n ní, ó sì ń tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù kó má baà sọnù. Ọ̀sẹ̀ ìdíje nìkan ló ń yọ ọ́. Bí ẹni gba ọmọ ọlọ́mọ làwọn ọmọ rẹ̀ ṣe ń gbà á.

"Inú kọ́bọ́ọ̀dù," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́.

Máfojúgbà kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ tì í mọ́lé, ẹ wá ní kó mọ̀nà."

Ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, tíṣà gbé ọ̀pá wọ ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé tirẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ tó ń sáré ìje dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó kẹ̀yìn sí wọn, ó na ọwọ́ sẹ́yìn.

"Ẹ gbà á, mà. Ẹ gbé e fún un, ẹ má wò ó," ni tíṣà wí, ó na ọ̀pá sí ọ̀gá.

"Èmi? Ṣé orí yín pé?" Ṣùgbọ́n ó na ọwọ́. Ọ̀pá yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ró gbòlà nílẹ̀.

Ọ̀gá wo ọ̀pá náà títí, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un nílẹ̀ fúnra rẹ̀, ó dá a padà fún tíṣà.

"Ọmọ, má kúrò níbẹ̀," ló wí. "Tíṣà, ẹ tún un gbé wá."