Ijó Ọjọ́ Kọkànlélógún

Téèpù ìwọnṣọ ló gbé Ìyá Aránṣọ dé yàrá àdágbé. Oníbàárà kan tí ìyá wọn àyà rẹ̀ fún búláòsì ló ní ibà burúkú tí í mú ẹ̀jẹ̀ tú lára èèyàn. Ni àwọn elétò ìlera bá ní kí ìyá wá dá gbé fún ọjọ́ mọ́kànlélógún, kí wọ́n máa wo bí ara rẹ̀ ṣe gbóná sí láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ọjọ́ kẹtàlá ni ọmọ rẹ̀ obìnrin bímọ. Ọmọ-ọmọ àkọ́kọ́, ìyá ò tíì fọwọ́ kàn án!

Bí ọjọ́ kọkànlélógún ti mọ́ báyìí, ó bú sórin:

Ẹsẹ̀ ń yún mi, ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi,
Èjìká mi ṣófo, ẹ gbọ́mọ wá fún mi!

Ó jó yí bẹ́ẹ̀dì ká, ó fi bàdí gbá àga ṣubú. Òógùn bò ó. Ìgbà náà ni nọ́ọ̀sì wọlé nínú aṣọ rọ́bà, ó na ẹ̀rọ tí í wọn ìgbóná ara sí i níwájú orí.

"Méjìdínlógójì! Màmá, ara yín gbóná!"

"Ijó ni o, ọmọ mi! Ijó ni mo jó!"

"Láàárọ̀ kùtù yìí?"

"Ṣé kí n máa sunkún ni?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n ó mú ojú le. "Ẹ jókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ má mi ìka ẹsẹ̀ pàápàá. Bí kò bá wálẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn aláìsàn lẹ ń lọ."

Ká ní òkè ni wọ́n ní kó gbé, ìbá gbé e. Ìjókòó jẹ́ẹ́ ni kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ọmọ rẹ̀ ti gbé ìkókó dé ẹ̀yìn fèrèsé.

"Màámi, ṣé kò sí nǹkan o?"

Ìyá mirí.

"Ẹ má mirí!" ni nọ́ọ̀sì kígbe.

Ìkókó figbe ta. Orin dé ọ̀fun ìyá, ó gbé e mì. Àyà rẹ̀ wá já: bí kì í bá ṣe ijó ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì tún na ẹ̀rọ. Ó wò ó, ó tún un wò.

"Mẹ́rìndínlógójì àti díẹ̀! Màmá, ẹ máa lọ sílé!"

Òun fúnra rẹ̀ fò sókè, aṣọ rọ́bà ń dún ṣàkà-ṣàkà. Ìyá fọwọ́, ó sáré jáde, ó gba ìkókó, ijó tún bẹ̀rẹ̀ ní gbangba.

"Màámi, ẹ rọra, ọrùn ọmọ!"

"Mo dì í mú dáadáa! Ta ló di ọrùn tìẹ mú nígbà tí o wà ní ìkókó, tí kò já?"