Orúkọ Owó Náà

Nọ́ọ̀sì pe "Àkàngbé!", ojú Ṣìmí àti ọkùnrin kan sì ṣe mẹ́rin láàárín èrò. Gbọ̀ngàn ilé ìwòsàn ní Ìdí-Àràbà kún fọ́fọ́, síbẹ̀ Ṣìmí ò rí ẹlòmíì mọ́ àfi ọkùnrin tó ń dìde yẹn, tó gbé ọwọ́ ọ̀tún tí wọ́n fi báńdéèjì wé mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ṣìmí fọwọ́ tẹ báàgì rẹ̀. Lẹ́tà méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n fi rán an.

Láàárọ̀, ní ọ́fíìsì wọn ní Yaba, Ọ̀gá Rótìmí ti fọwọ́ sí lẹ́tà àkọ́kọ́ tí Ṣìmí tẹ̀ kó tó kà á dáadáa.

"'Owó gbà-má-bínú' kẹ̀? Ta la ṣẹ̀? Ṣé àwa la ní kó ki ọwọ́ bọ ẹ̀rọ?"

"Ọ̀gá, orúkọ tí wọ́n ń pè é nìyẹn, sà."

"Owó ìrànwọ́ ni kó o kọ. Fa ìyẹn ya."

Ṣìmí tẹ òmíràn, ọ̀gá fọwọ́ sí i. Àmọ́ kò fa ti àkọ́kọ́ ya. Gbogbo ọ́fíìsì ló mọ̀ pé ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n tú irin tó bo abẹ ẹ̀rọ tó ń gé bébà ní ilé iṣẹ́ wọn ní Mushin, kí iṣẹ́ lè yá.

"Ẹ̀gbọ́n, ilé iṣẹ́ ló rán mi sí yín," Ṣìmí sọ fún Àkàngbé nígbà tó kúrò lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì.

"Ilé iṣẹ́!" Mujeebah, ẹ̀gbọ́n Àkàngbé obìnrin, pàtẹ́wọ́. "Oṣù kan gbáko! Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rántí wa. Ṣé owó wà ńbẹ̀?"

"Ó wà, mà."

Ṣìmí na lẹ́tà tí wọ́n fi rán an. Àkàngbé ò gbà á.

"Kí ni wọ́n pe owó náà?"

"Owó... ìrànwọ́."

"Gbà á jàre," Mujeebah sọ. "Ta ló ń bi owó lórúkọ lọ́jà?"

"Ó lórúkọ, àǹtí mi. Nígbà tí mò ń ṣe lébìrà, ọ̀yà ni mò ń gbà. Wọ́n gbà mí síṣẹ́, ó di owó oṣù. Ìka méjì ló lọ yìí. Tí mo bá gba ìrànwọ́, á jẹ́ pé èmi ni mo gé ara mi, tí wọ́n wá ṣàánú mi." Ó yíjú sí Ṣìmí. "Ẹ bá mi dá a padà."

Ṣìmí dé ẹnu ọ̀nà. Fóònù rẹ̀ ń dún: Ọ̀gá Rótìmí. Oṣù kejì rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ nìyí, ọjọ́ tó máa san owó ilé rẹ̀ ní Ìpọ̀nrí sì ti fẹ́ẹ̀ pé. Ó jáde, ó wọlé, ó tún jáde. Nígbà tó padà dé ọ̀dọ̀ wọn, ó ti pa fóònù.

"Èyí náà, ọ̀gá ló fọwọ́ sí i," ó ní, ó mú lẹ́tà àkọ́kọ́ jáde nínú báàgì. "Iye kan náà ni. Gbà-má-bínú ni mo kọ síbẹ̀."

Mujeebah wò ó. "Ọmọ yìí, iṣẹ́ rẹ ńkọ́?"

Ọwọ́ méjèèjì ni Ṣìmí fi na lẹ́tà náà. Àkàngbé gbé ọwọ́ ọ̀tún díẹ̀, ó rántí, ojú tì í, ó wá na ọwọ́ kejì.

"Ẹ má bínú," ó ní jẹ́jẹ́, "ọwọ́ òsì ni mo fẹ́ fi gbà á."

"Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀."

Ó gbà á.