Géètì Méjì, Ọ̀nà Ohùn Kan

"Ẹ mú ọmọ dókítà eléyín wá síwájú," ni Sájìn sọ sínú rédíò ọwọ́ rẹ̀ ní géètì iwájú ilé-ìwé, bí àwọn òbí ṣe wá mú ọmọ wọn lẹ́yìn ìjáde. Àsìkò yẹn gan-an ni ìyàwó rẹ̀, tó ń ṣọ́ géètì ẹ̀yìn, ń sọ pé kí wọ́n mú ọmọ oníbúrẹ́dì wá sẹ́yìn. Ohun tí tíṣà gbọ́ nínú kíláàsì kò ju ariwo bíi ti epo gbígbóná lọ. Tíṣà ò fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun ń sùn lẹ́nu iṣẹ́, ló bá méfò. Kò pẹ́, ọmọ oníbúrẹ́dì ti jókòó pẹ̀sẹ̀ sínú ọkọ̀ dókítà, ó ti de bẹ́líìtì, ó sì ń béèrè bóyá wọ́n máa ń jẹ nǹkan nínú ọkọ̀ náà.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ọ̀gá ilé-ìwé pe tọkọtaya náà sí ọ́fíìsì.

"Ọmọ ọlọ́mọ kì í ṣe ẹrù tí èèyàn ń jù sọ́kọ̀ tó bá rí," ni ó wí. "Bí ọmọ kan bá tún ṣìnà lọ́la, màá ti géètì kan pa. Ẹ ó wá jọ pinnu ẹni tó máa lọ jókòó sílé nínú yín."

Sájìn kò ṣe ológun rí o. Bó ṣe máa ń kí ọkọ̀ tó bá ń wọlé ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Lọ́jọ́ yìí, kò kí ọkọ̀ kankan. Owó oṣù tirẹ̀ ni wọ́n ń jẹ, ti ìyàwó ni àbíkẹ́yìn wọn fi wà ní yunifásítì. Ẹ̀rù bà á gidigidi.

Wọ́n ránṣẹ́ pe obìnrin tó ń tún rédíò wọn ṣe. Ó tú u wò, ó sì dè é padà.

"Kò sóhun tó ṣe rédíò yín. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ohùn yín ń gbà. Bí ẹni méjì bá jọ kó sí i, àwọn méjèèjì ló máa há. Ẹ máa tẹ́tí kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀."

"À ń tẹ́tí," ni ìyàwó Sájìn dáhùn. "Bó bá ti dákẹ́ la máa ń sọ̀rọ̀."

"Ẹ̀yin méjèèjì?"

"Àwa méjèèjì ni. Bó bá sì kọlura, àá jọ dákẹ́ fúnra wa. Bí mo bá ní kí n tún un sọ báyìí, Bàbá wọn náà á ti bẹ̀rẹ̀."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Àwọn ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó ń ránṣẹ́ síra wọn náà máa ń ní irú ìṣòro yìí. Bí wọ́n bá kọlura, kálukú á dúró díẹ̀, àmọ́ ìdúró wọn kì í dọ́gba. Ẹ wá nǹkan kan kà sínú kẹ́ ẹ tó tún sọ̀rọ̀."

Sájìn ní orúkọ ọmọ ló yẹ kí àwọn máa kà, nítorí kò sẹ́ni tó ń gbàgbé ọmọ rẹ̀. Wọ́n dán an wò lójú ẹsẹ̀, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Wọ́n kọlura, wọ́n ka ọmọ, wọ́n tún kọlura. Wọ́n ṣe é títí ọ̀fun wọn fi gbẹ, wọ́n sì padà wá bá obìnrin náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá," ni obìnrin náà bi í, "ọmọ ta lẹ̀ ń kà?"

"Ọmọ èmi àti ìyàwó mi ni. Ṣé ẹ rò pé mo bímọ síta ni?"

Ìyàwó ló kọ́kọ́ yé. "Ọmọ kan náà la jọ ń kà, ìdí nìyẹn tá a fi jọ ń parí rẹ̀. Ẹ fi àwọn ọmọ sílẹ̀ fún mi," ó sọ fún ọkọ rẹ̀. "Kí ẹ̀yin máa ka àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi."

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá ilé-ìwé káwọ́ gbera, ó dúró sẹ́yìn Sájìn. Wọ́n kọlura lóòótọ́. Ìyàwó ka àwọn ọmọ rẹ̀ wéréwéré, ó pe ọmọ oníbúrẹ́dì. Sájìn ṣì ń làágùn: "Ẹ̀gbọ́n tó ń ránṣọ... èyí tó ń wakọ̀... èyí tí kì í dá mi lóhùn..." Nígbà tó fi rí wọn kà dé ibì kan, ọ̀nà ti ṣófo, ó sì pe ọmọ dókítà. Bí wọ́n bá tún kọlura, ó lè rántí wọn kíá, tàbí kó ṣi ẹnì kan kà lẹ́ẹ̀mejì. Bó ṣe ń dúró kò jọra rárá, gbogbo ọmọ sì dé ọwọ́ òbí rẹ̀.

"Kí ẹ̀yin méjèèjì wá síbi iṣẹ́ lọ́la," ni ọ̀gá wí. "Àmọ́ kí lẹ̀ ń kùn láti ìgbà tí mo ti dé síbí?"

"Àwọn àna mi ni mò ń kà, ma."

"Mélòó ni wọ́n?"

"Ibẹ̀ gan-an ló ti ń dà rú mọ́ mi lójú, ma."

Bí wọ́n ṣe ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé, Sájìn kò lè gbójú sókè. "Ìyá wọn, ojú ń tì mí. Títí a fi ti géètì, mi ò rántí àbúrò rẹ tó kéré jù."

"Báwo lẹ ṣe fẹ́ rántí ẹni tẹ́ ẹ kì í lọ kí? Ó kọ́lé, ẹ ò yọjú. Ó bímọ, ẹ ní ẹsẹ̀ ń dùn yín."

"Ó dáa, jẹ́ ká lọ kí gbogbo wọn ní Sátidé."

Inú ìyàwó dùn, ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú. Lẹ́yìn náà ló dúró sójú ọ̀nà. "Bẹ́ ẹ bá wá mọ gbogbo wọn bí ẹní mowó ńkọ́? A ò tún ní máa kọlura?"

Sájìn rò ó títí.

"Tó bá dọjọ́ yẹn," ó ní, "màá bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ọmọ wọn."