Ìwé Àṣẹ Láti Ya Moróunkẹ́

Àlá kan ni mo lá lóru àná. N kì í sábà sọ àlá mi fún ènìyàn, torí n kò rò pé ó kan ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n èyí kan iṣẹ́ mi, ó sì kan ìyàwó mi, nítorí náà ẹ fara balẹ̀ kí ẹ gbọ́ ọ.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí kì í ṣe àlá. Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fi ya fọ́tò. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, Moróunkẹ́ ìyàwó mi ló máa ń dúró síbi tí oníbàárà yóò dúró sí, kí n lè fi ojú rẹ̀ wo ìmọ́lẹ̀, kí n sì máa tún kámẹ́rà ṣe títí ojú náà yóò fi hàn kedere. Bí mo bá ti ṣe tán, yóò yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, oníbàárà yóò bọ́ sí ipò rẹ̀, n óò sì tẹ kámẹ́rà. Fíìmù wọ́n nígbà náà. A kì í fi í ṣòfò lórí ara ilé. Nígbà tí ó kú ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, a wá fọ́tò rẹ̀ káàkiri ilé, a kò rí ju ẹyọ kan lọ, èyí tí ẹlòmíràn yà níbi ìsọmọlórúkọ, tí àwọn méje jọ dúró nínú rẹ̀. A gé ojú rẹ̀ jáde fún ìwé ètò ìsìnkú. Ọwọ́ ẹnì kan tí a kò mọ̀ ṣì wà léjìká rẹ̀ níbẹ̀.

Ó dáa. Àlá náà nìyí.

Ọ̀sán ni, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, Moróunkẹ́ sì wọlé. Ó wọ àdìrẹ rẹ̀ aláró. Kò sọ ibi tó ti ń bọ̀, n kò sì bi í. Ó ní òun ráyè lónìí kí n ya òun, ṣùgbọ́n òun gbọ́dọ̀ padà kí oòrùn tó wọ̀. Mo ní kò burú. Mo gbé kámẹ́rà ńlá mi, a sì jáde.

Bí a ṣe ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, inú ọgbà ìtura ìlú ni a bọ́ sí, ibi tí aago gíga kan wà àti omi tí ń tú sókè. Ẹja kan ló ń gbé inú aago náà, òun ló ń fi ìrù ti ọwọ́ aago lọ. Ó ti rẹ ẹja náà, nítorí náà aago ń falẹ̀ díẹ̀. Inú mi dùn sí i, torí a nílò àsìkò. Moróunkẹ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà lábẹ́ aago. Ìmọ́lẹ̀ dára. Mo gbé kámẹ́rà lé orí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀, mo fi ojú mi sí i.

Ọlọ́dẹ kan fọn fèrè.

Inú ìkòkò òdòdó ló ti jáde, ó ń gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára yunifọ́ọ̀mù rẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí àyà rẹ̀: Múfútáù. Ó tó ọmọ ogójì ọdún, ó sì ń ṣe jẹ́ẹ́jẹ́.

"Bàbá, ẹ káàsán o. A kì í ya fọ́tò níbí."

Mo fi hàn án pé ó tó ogójì ènìyàn tó wà nínú ọgbà náà tí wọ́n ń fi fóònù ya ara wọn. Ẹnì kan ń ya omi. Ẹnì kan tilẹ̀ dúró lẹ́yìn òun Múfútáù gan-an, ó ń ya fìlà rẹ̀. Ó wo gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fara balẹ̀ wò wọ́n, ó sì ní fóònù kì í ṣe kámẹ́rà. Ó ní fóònù kàn ń wò ni, ṣùgbọ́n kámẹ́rà tó bá tóbi tó báyìí, ohun kan wà tó ń wá.

Èyí bí kámẹ́rà mi nínú. Ó ní láti ọdún 1979 òun kò wá nǹkan kan ju pé kí àwọn ènìyàn yéé ṣẹ́jú. Múfútáù fa ìwé yọ lápò, ó kọ ohun tí kámẹ́rà sọ sílẹ̀, ó ní kí ó fọwọ́ sí i. Kámẹ́rà ní òun kò lọ́wọ́. Ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Mo wá ṣàlàyé fún un pé n kò fẹ́ ya ọgbà, ìyàwó mi nìkan ni mo fẹ́ yà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ń sọ. Ó ní bí mo bá ya ìyàwó mi, bẹ́ǹṣì yóò wọ inú rẹ̀, aago tó wà lẹ́yìn bẹ́ǹṣì yóò wọ inú rẹ̀, ẹja tó wà nínú aago sì ńkọ́? Òṣìṣẹ́ ìjọba ni ẹja yẹn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ya òṣìṣẹ́ ìjọba lẹ́nu iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání lójú mi. Mo bi í pé kí wá ni ṣíṣe. Ó ní kí n lọ gba ìwé àṣẹ ní ọ́fíìsì. Mo ní níbo ni ọ́fíìsì wà. Ó nàka sókè.

Ojú òfurufú ni ọ́fíìsì náà wà, ó ga tó igi àgbọn méjì. Wọ́n fi okùn so ó mọ́ òpó iná kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ, wọ́n sì gbé àkàbà sí i. Moróunkẹ́ ní kí n máa lọ, òun yóò dúró. Ó wo oòrùn. Èmi náà wò ó. Kò sí lórí wa mọ́, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

Mo gun àkàbà náà. Orí igi àkàbà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ọ̀gá ti jáde lọ jẹun. Orí èyí tó gbẹ̀yìn ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ó ti dé. Mo wọlé.

Ọ̀gá náà jókòó sídìí tábìlì kan tó ń fì sọ́tùn-ún fì sósì. Ó nírùngbọ̀n, ó sì mọ ènìyàn kí. Ó fún mi ní àga, ó mú fọ́ọ̀mù jáde, ó ń bi mí, ó ń kọ ọ́. Orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ orí rẹ̀. Ìlú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bi mí bóyá ó wà láàyè. Mo ní ó ti kú ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ó wà nísàlẹ̀. Ọ̀gá náà yọjú lójú fèrèsé, ó rí i. Ó padà sórí fọ́ọ̀mù, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: Ó jókòó.

"Ó ku fọ́tò pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ kan," ó ní, "kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibí."

"Torí kí n lè ní fọ́tò rẹ̀ ni mo ṣe wá."

"Ó yé mi, Bàbá. Ìdí nìyẹn tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun."

N kò bá a jiyàn. Mo fa èyí tí mo ní jáde, èyí tí a gé fún ìsìnkú. Ó wò ó títí, ó bi mí pé ta ló ni ọwọ́ tó wà léjìká rẹ̀. Mo ní n kò mọ̀. Ó ní ọwọ́ náà yóò gba fọ́ọ̀mù tirẹ̀. Mo bá a kọ ọ́. Níbi tí wọ́n ti béèrè iṣẹ́ tí ó ń ṣe, mo kọ pé ó wà léjìká.

Ọ̀gá náà lẹ fọ́tò mọ́ fọ́ọ̀mù, ó gbé òǹtẹ̀ sókè láti tẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í di òbúkọ. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí náà apá ibẹ̀ kò gba àsìkò. Etí rẹ̀ ló kọ́kọ́ gùn, lẹ́yìn náà ni ìwo yọ. Ó bẹ̀ mí pé kí n má bínú, ó ní bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń ṣe òun bí òun bá ti jẹun ọ̀sán. Mo ní kò sí wàhálà. Ó sì tẹnu bọ fọ́ọ̀mù, ó ń jẹ ẹ́. Igun tí fọ́tò wà ló ti bẹ̀rẹ̀.

Mo jókòó, mo ń wò ó. Fọ́tò kan ṣoṣo tí mo ní nìyẹn. Ó jẹ ọwọ́ tó wà léjìká, ó jẹ èjìká, ó jẹ ojú. Ó fara balẹ̀ jẹ ẹ́.

Ní àkókò yìí ọ́fíìsì ti ń rọra sọ̀ kalẹ̀, torí pé àsìkò ìparí iṣẹ́ ti tó. Ó balẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi, ilẹ̀kùn ṣí, èmi àti òbúkọ jọ jáde. Ẹja ti sùn nínú aago. Oòrùn ti kan òrùlé àwọn ilé tó wà lódìkejì ọgbà. Moróunkẹ́ ṣì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ti ká ẹsẹ̀ rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe bí ó bá ti dúró pẹ́.

Múfútáù béèrè ìwé àṣẹ. Mo ní òbúkọ jẹ ẹ́. Kò yà á lẹ́nu. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi etí lé ikùn òbúkọ náà, ó gbọ́ ọ títí, ó ń mi orí.

"Ó wà níbẹ̀," ó ní. "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n fún yín. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, mo máa gba kámẹ́rà."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ òbúkọ. Mo fi ojú sí kámẹ́rà. Ojú Moróunkẹ́ ṣú díẹ̀, mo yí awò kámẹ́rà, ó mọ́. Mo rí ilà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀. Mo fi ìka lé ibi tí a ń tẹ̀.

Moróunkẹ́ dìde. Ó fi etí ìró rẹ̀ nu bẹ́ǹṣì náà, ó sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Múfútáù lọ jókòó síbẹ̀. Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó na àyà, ó fi fèrè sẹ́nu. Òbúkọ tò sẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ogójì tó ní fóònù tò sẹ́yìn òbúkọ.

"Ẹ tètè yà mí, Bàbá," Múfútáù sọ. Ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. "Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń lé àwọn onífọ́tò níbí, ẹnì kan kò yà mí rí."

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Moróunkẹ́ ti dé ẹ̀gbẹ́ mi, ibi tó máa ń dúró sí.

"Ẹ yà á, Bàbá Morádéun," ó ní. "Mo ti bá yín wo ìmọ́lẹ̀, ó dára."

Mo wo oòrùn. Ó ti wọlẹ̀ dé ìdajì. Ẹ̀yin tí ẹ bá ṣe iṣẹ́ yìí rí, ẹ mọ̀ pé a kì í lé oníbàárà dìde. Yálà ó pẹ́ ni o, yálà ó ń bú wa ni o, bí ó bá ti jókòó, ó ti jókòó nìyẹn. N kò ṣe é rí ní ọdún mọ́kànlélógójì.

"Ọ̀gbẹ́ni Múfútáù," mo ní, "ẹ dìde. Ìyàwó mi ló kàn."

Fèrè bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Moróunkẹ́ di apá mi mú, ó rọra ń sọ fún mi pé ẹni tó ti jókòó ti jókòó, pé kí n jẹ́ kí ọkùnrin náà ya tirẹ̀, pé òun lè padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Òun àti èmi mọ̀ pé kò sí ọjọ́ mìíràn.

"Moróunkẹ́," mo ní, "lọ jókòó. Torí rẹ ni mo ṣe gbé kámẹ́rà jáde."

Ó wò mí bí ẹni pé èdè tí n kò sọ sí i rí ni mo sọ. Múfútáù ti dìde. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó yà fún un. Moróunkẹ́ jókòó, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, kò mọ ibi tí yóò gbé wọn sí. Obìnrin tó ti bá mi to ọwọ́ ìyàwó tuntun, to ọwọ́ olóyè, to ọwọ́ ọmọ ilé-ìwé.

"Kí ni kí n fi ọwọ́ mi ṣe?" ó bi mí.

"Gbé wọn lé ẹsẹ̀ rẹ."

"Ṣé kí n rẹ́rìn-ín?"

"Bí ó bá wù ọ́."

Àwọn kan nínú ọgbà ń kọjá bọ̀ láàárín wa. Múfútáù na apá rẹ̀ méjèèjì, ó dí ọ̀nà. Mo gbọ́ tí ó ń sọ fún wọn pé kí wọ́n dúró ná, wọ́n ń ya fọ́tò lọ́wọ́. Òbúkọ náà dúró tì í, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá. Oòrùn ku bí àtẹ́lẹwọ́. Moróunkẹ́ kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó gbójú sókè, ó wo èmi, kì í ṣe kámẹ́rà. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó dún lẹ́ẹ̀kan.

Mo jí.

Ilẹ̀ ti mọ́. Morádéun ọmọ wa, tó wá bá mi lo òpin ọ̀sẹ̀, wà nínú yàrá, ó ń fa kọ́tìnnì. Ó ní aago méje ti kọjá, ó ní ẹ̀kọ mímu ti ń tutù. Ìmọ́lẹ̀ wọlé, ó bọ́ sí i lójú, ó sì rí i pé òun dúró láàárín èmi àti fèrèsé. Ó ní kí n má bínú, ó sì fẹ́ yà.

Mo ní kó dúró síbẹ̀.

Ó bi mí pé kí ló dé. Mo ní kò sí nǹkan kan, kó sáà má kúrò níbẹ̀ títí n óò fi rí awò mi àti kámẹ́rà. Ó fọwọ́ kan orí rẹ̀, ó ní òun kò tíì dirun.

Mo ní ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ni kámẹ́rà wà, n kò ní pẹ́.