Alágbàfọ̀ àti Àmì Àyà Rẹ̀

Alágbàfọ̀ ń fi kànrìnkànrìn ha àyà kíkankíkan. Ọṣẹ ń hó, orin ń ròkè: “Àlejò ti lọ o, ẹ bá mi gbálẹ̀ o!” Yíǹkì tí wọ́n fi sàmì sí ọmú rẹ̀ ọ̀tún lọ́sibítù lánàá ló ń ha bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń fọṣọ jẹun láti ìgbà ọmidan, ta ni yóò ní kó máa gbé àbàwọ́n kiri? Ó da omi sí i. Àyà mọ́ fóó!

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó wá mú un lọ sọ́sibítù, yọjú sí balùwẹ̀, ló bá figbe ta.

“O ti fọ̀ ọ́ dànù! Àmì tí ẹ̀rọ fẹ́ wò!”

“Ó dọ̀tí ni.”

“Kò dọ̀tí tó orí ẹ! Wọṣọ, ká lọ.”

Alágbàfọ̀ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. “Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ti gé kókó yẹn kúrò. Egbò ti jinná. Kí ni wọ́n tún fẹ́ fi ìtànṣán wá?”

“Kí ni dókítà sọ?”

Ó mọ̀ ọ́n bí ẹní mọ orin. Wọ́n dá ọmú sí, kókó nìkan ni wọ́n yọ. Ṣùgbọ́n kókó náà tóbi, jẹjẹrẹ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dé etí ibi tí ọ̀bẹ gbà. Òun náà kò tíì dàgbà púpọ̀, ti ọ̀dọ́ sì máa ń tètè padà. Bí wọn ò bá fi ìtànṣán lé e, ó lè tún hù.

Ó rántí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Aṣọ tó ṣì tutù, ṣé òun kọ́ ló máa ń sọ pé kí oníbàárà má tíì yọ̀ sí i? Ìgbà tó bá gbẹ lórí okùn lojú ń rí àbàwọ́n tó sá pamọ́ sínú òwú. A kì í sì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ó dìde, ó wá bàtà.

“Wọn ò ní lé mi báyìí?”

“Bí wọ́n bá lé ẹ, màá jókòó dí ẹnu ọ̀nà wọn. Ìwọ náà mọ bí ìdí mi ṣe fẹ̀ tó.”

Lọ́sibítù, obìnrin tó ń darí ẹ̀rọ ìtànṣán wo àyà náà, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Àǹtí, ta ló fọ̀ yín tó báyìí?”

“Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni,” alágbàfọ̀ dáhùn, ó sì gbórí sókè.

Obìnrin náà wo àwòrán ojú kọ̀ǹpútà, ó wọ̀n ọ́n, ó tún àmì náà fà. Ó ní omi lè kàn án, ṣùgbọ́n kí kànrìnkànrìn jìnnà sí i.

“Orin ńkọ́?”

“Ẹ dá a dúró ná. Àyà ò gbọdọ̀ sún.”

Wọ́n tilẹ̀kùn. Ó gbé apá sókè, ẹ̀rọ ń kùn yí i ká. Kò ta á, kò jó o. Orin fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó dá a dúró.

Nígbà tó ń wọṣọ, ọwọ́ rẹ̀ kan ọmú náà. Ó lọ́wọ́ọ́wọ́, ó rọ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ, bí aṣọ oníbàárà tó ń kánjú ló ti ń fọ̀ ọ́. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó.

“Ṣé o ti sùn síbẹ̀ ni?” ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ké láti ìta.

“Mò ń bọ̀,” ló wí, ṣùgbọ́n kò tíì gbọ́wọ́ kúrò.