Òórùn Àlùbọ́sà Òkè Lẹ́nu Durward

"Èmi Durward Stacy, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo sín, gbogbo káúńtì yìí sì fò kúrò lẹ́yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, wọ́n bọ́ sẹ́yìn erin. Àwọn òkú tó wà ní itẹ́ pàápàá yíra padà."

Báyìí ni Durward ṣe ń fọ́nnu nínú gbọ̀ngàn àwọn panápaná, níbi tí ẹgbẹ́ òṣèlú elérin, orogún ẹgbẹ́ oníkẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ti fẹ́ yan ẹni tí yóò ṣojú wọn ní àpérò tí wọ́n á ti fa olùdíje ipò ààrẹ kalẹ̀. Orlena Mullins jókòó síwájú, ó rojú bí ẹni tó gé ọsàn wẹ́wẹ́ jẹ. Eruku èédú ló pa ọkọ rẹ̀. Ó kún ẹ̀dọ̀fóró ọkùnrin náà tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé ikọ́ ẹ̀ẹ̀kan tó bá wú, èèyàn lè fi dáná oṣù kan. Ẹni tí Orlena ń wá ni ẹni tí yóò lọ sọ ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn àwọn awakùsà fún àwọn alágbára, tí kò ní gbé e tà lójú ọ̀nà.

Nígbà tí gbogbo òkè West Virginia ṣì ń dìbò fún kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, tí ọmọ ọwọ́ ń ké bíi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kó tó pe ìyá rẹ̀, Durward yìí ló ṣèlérí ilé ìwòsàn náà. Nígbà tí wọ́n ti kòtò èédú pa, tí ìbínú lé àdúgbò lọ sọ́dọ̀ erin, òun ló kọ́kọ́ sáré débẹ̀, ìlérí kan náà lọ́wọ́ rẹ̀, kò tilẹ̀ fọ̀ ọ́. Orlena náà yí padà, àmọ́ ó sunkún kó tó yí. Ti Durward dà bí ẹni pààrọ̀ ìbọ̀sẹ̀.

Wọ́n bi í bóyá ó ṣì ń bá àwọn oníkẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ yẹn rìn. Ó búra pé òun ò gba omi tútù lọ́wọ́ wọn mọ́, pé bí òun bá ń kọjá níwájú gbọ̀ngàn wọn, ojú ni òun ń dì. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Ló bá ń ti àga dé àga, ó ń di èèyàn mọ́ra, ó ń tọrọ ìbò, títí ó fi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú Orlena.

"Ìyá mi, ẹ bá mi ṣe é. Ilé ìwòsàn yẹn..."

Òórùn tó ti ẹnu rẹ̀ jáde, eṣinṣin mẹ́rin ló já bọ́ látorí iná, ọ̀dà ara ògiri sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Àlùbọ́sà òkè ni, àlùbọ́sà igbó tí wọ́n ń hú jẹ bí òtútù bá ń lọ, tó jẹ́ pé ẹni tó jẹ ẹ́ lónìí á ṣì máa rùn lọ́tùnla. Yìnyín ṣì bo òkè lọ́dún yìí, ẹ̀bá odò tó wà lórí ilẹ̀ Hobert Blevins, oníkẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan ládùúgbò, nìkan ló ti hù. Hobert sì ti kó gbogbo rẹ̀ fún àsè àwọn oníkẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lánàá, kò fún aládùúgbò ní ewé kan.

"Durward, níbo lo ti jẹ àlùbọ́sà?"

"Àlùbọ́sà kẹ̀? Ẹ̀wà ni mo jẹ, Ìyá mi. Ìyá ìyàwó mi ló sè é."

Ìyá ìyàwó rẹ̀ dìde lẹ́yìn. "Má fi mí purọ́, jàre. O ò jẹun nílé lánàá. O ní oúnjẹ wà níbi tí ò ń lọ."

Orlena kò bo imú.

"Kí lo wá ṣèlérí fún wọn níbẹ̀? Ilé ìwòsàn ọkọ mi yẹn náà ni?"

Durward fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Òórùn ẹnu rẹ ṣì sàn," Orlena ní. "Ìwọ gan-an ló ń rí mi lára."

Durward ní òun fẹ́ lọ wo ọkọ̀ òun. Ó gba àárín ọkọ̀ panápaná méjì jáde, ó sì ki eré mọ́lẹ̀ débi pé òjìji rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí òun ti kọjá afárá.